Ẹni tí wọ́n pè ní olè ẹyin: ṣé dáínósọ̀ máa ń tọ́jú ọmọ lóòótọ́?

Akówèéjọ

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀ lónìí.

Lọ́dún 1923, àwọn oníwàádìí láti American Museum of Natural History ní New York wọ aṣálẹ̀ Gobi ní Mòǹgólíà, Roy Chapman Andrews ni olórí wọn. Níbi àwọn òkè pupa kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Bayanzag, wọ́n bá ìtẹ́ kan tí ẹyin inú rẹ̀ ti di òkúta. Lórí ẹyin yẹn gan-an ni egungun ẹranko kan wà. Àlàfo tó wà láàárín òun àti ẹyin kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nígbà tó jẹ́ pé egungun Protoceratops, dáínósọ̀ kan tó ń jẹ ewé, ló pọ̀ jù lágbègbè yẹn, wọ́n ní òun ló ni ẹyin. Ẹni tí wọ́n bá lórí ẹyin wá ńkọ́? Olè ni, ẹyin ẹlẹ́yin ló wá jí jẹ tí ikú fi ká a mọ́bẹ̀. Ní 1924, Henry Fairfield Osborn sọ ọ́ ní Oviraptor, ìyẹn ajíyin. Osborn fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé orúkọ náà lè ṣì wá lọ́nà nípa ìwà ẹranko yìí, àmọ́ ta ló ń ka irú ìyẹn? Orúkọ ti mọ́ ọn lórí.

Ó di 1993. Mark Norell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà wà ní Gobi, níbi tí wọ́n ń pè ní Ukhaa Tolgod. Wọ́n rí ẹyin irú ti 1923 tó ti fọ́, ọlẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ọlẹ̀ yẹn kì í ṣe Protoceratops rárá, ọmọ ìdílé Oviraptor ni. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ẹranko ńlá kan nínú ìdílé yẹn, Citipati la wá mọ̀ ọ́n sí lẹ́yìn náà. Ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sí àárín ìtẹ́, ó sì tẹ́ apá yí ẹyin ká. Ní 1995 ni wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ jáde. Orí ẹyin tirẹ̀ ló wà nígbà tí iyanrìn bò ó.

Ohun tí mo fẹ́ ká jíròrò rèé: ṣé a lè torí ẹni yìí sọ pé dáínósọ̀ lápapọ̀ máa ń tọ́jú ọmọ? Lójú tèmi, kí ẹranko sàba lé ẹyin, ọ̀tọ̀ ni. Kí ó tọ́ ọmọ lẹ́yìn tí ọmọ ti jáde, ọ̀tọ̀ ni. Ti àkọ́kọ́ ní ẹ̀rí tó ki. Ti ìkejì ni àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí ju bí ẹ̀rí ṣe tó lọ.

Mi_ò_gbà

Mi ò gbà. Ẹranko kú sórí ẹyin, ẹ ní ó ń sàba. Tí èmi bá kú sórí àga, ṣé wọ́n á ní káfíńtà ni mí?

Ó lè jẹ́ pé ó ń yé lọ́wọ́ ni iyanrìn fi bò ó. Ó lè jẹ́ pé òjò tàbí ìjì ló lé e wá sábẹ́ ibẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ pè é lólè nítorí ibi tí wọ́n bá a. Wọ́n tún wá pè é lábiyamọ nítorí ibi kan náà. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò, ibi tó kọ sí nìkan ló yí padà.

ÌyáAdìyẹ

Ẹ̀rín pa mí, Mi_ò_gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ bí ẹni tó ń sin adìyẹ ìbílẹ̀.

Adìyẹ tó ń yé kì í jókòó bí èyí tó ń sàba. Èyí tó ń yé á wọlé, á yé, á ké kí gbogbo àdúgbò gbọ́, á jáde. Èyí tó ń sàba á tẹ́ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ bò wọ́n. Ìyẹ́ ikùn rẹ̀ á ti re, tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé awọ ibẹ̀ gbóná. Á gbọn ìyẹ́ sókè, á máa kùn, tí ẹ ò bá tètè yọwọ́, á sọ yín. Bóyá ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló máa dìde, á sáré jẹun, á mumi, á yàgbẹ́ ràbàtà kan tó ń rùn ju ti gbogbo ọjọ́ lọ, á tún padà. Ó sì ń fi ẹnu yí ẹyin, èyí tó wà létí á bọ́ sí àárín, kí gbogbo wọn lè rí ooru.

Torí náà mo fẹ́ bi àwọn tó mọ̀ nínú yín: ẹranko yìí, ṣé ó ń yí ẹyin? Báwo ni wọ́n ṣe tò wọ́n?

Olókùúta

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìbéèrè yín gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. (Jìọ́lọ́jì ni mo ń kà.)

Kò lè yí wọn. Ẹyin Citipati gùn, ó tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18, kò rí roboto bíi ti adìyẹ. Wọ́n tò wọ́n ní òrùka, méjì méjì, ìpele lórí ìpele, wọ́n sì dà wọ́n dùbúlẹ̀ díẹ̀ kí ìdí wọn kọjú sí àárín. Apá kan lára wọn wà nínú ilẹ̀. Ẹyin tó ti rì sínú ilẹ̀ báyẹn, ta ló fẹ́ yí i? Ní ti ìyẹn, ó yàtọ̀ sí adìyẹ pátápátá.

Ìdí tó fi jẹ́ méjì méjì: ní 2005 wọ́n ṣàtẹ̀jáde nípa egungun ìbàdí kan láti Jiangxi ní Ṣáínà. Ẹranko inú ìdílé Oviraptor ni, ẹyin méjì ṣì wà nínú rẹ̀ tí kò tíì yé. Ẹyẹ òde òní ń lo ọ̀nà ẹyin kan ṣoṣo, ọ̀nì ń lo méjì, ọ̀nì sì máa ń yé gbogbo ẹyin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí wà láàárín àwọn méjèèjì: ọ̀nà méjì ló ní, àmọ́ ẹyin kan ló ń ti ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jáde lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ó ní láti padà wá sídìí ìtẹ́ léraléra kí òrùka tó kún.

Mi_ò_gbà, ẹ̀yin ẹ ní ó lè máa yé lọ́wọ́. Ó dára. Ní 2021 wọ́n gbé òmíràn jáde láti Ganzhou, Jiangxi náà ni. Ẹranko ńlá wà lórí ìtẹ́, ẹyin tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò dín ní 24, ó kéré tán 7 nínú wọn sì ní ọlẹ̀ tó ti ní egungun. Ẹni tó ń yé lọ́wọ́ kò lè ní ọlẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún yẹ ọ́síjìn inú èèpo ẹyin àti egungun ọlẹ̀ wò, nítorí irú ọ́síjìn tó ń wọnú wọn máa ń yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibẹ̀ bá ṣe gbóná tó. Ohun tó jáde ni ìwọ̀n 30 sí 38 ní Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Kò jìnnà sí ohun tí ọwọ́ yín bá lábẹ́ adìyẹ, mà.

Ohun mìíràn tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé àwọn ọlẹ̀ yẹn kò dọ́gba. Àwọn kan ti dàgbà ju àwọn mìíràn lọ nínú ìtẹ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ wọn kò bá tí jáde lọ́jọ́ kan náà.

Mi_ò_gbà

Ọlẹ̀ inú ẹyin, ìyẹn yé mi, mo fi sílẹ̀ fún yín. Ìwúwo ńkọ́? Mo ti rí àwòrán ẹyin dáínósọ̀ kan láti Ṣáínà tó gùn tó apá ọmọdé. Ẹni tó yé irú ẹyin yẹn, ṣé kò ní fọ́ gbogbo rẹ̀ tó bá jókòó lé e?

Olókùúta

Ìtẹ́ wọn ló dáhùn ìyẹn. Àwọn ẹbí Oviraptor tó tóbi jù wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ẹyin wọn sì lè gùn ju 40 sẹ̀ǹtímítà. Ní 2018, Kohei Tanaka àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wọn ìtẹ́ oríṣiríṣi, ti kékeré àti ti ńlá. Nínú ti àwọn kékeré, ẹyin fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo àárín. Bí ẹranko bá ṣe ń tóbi sí i ni ihò tó wà láàárín òrùka ń fẹ̀ sí i, títí tí ẹyin fi wà létí nìkan. Inú ihò yẹn ni ẹranko máa gbé ìwúwo rẹ̀ lé, tí ara àti apá rẹ̀ á kàn bo ẹyin létí.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun gan-an. Èmi fẹ́ gba ibòmíràn yọ. Mi_ò_gbà ní wọ́n pè é ní «abiyamọ». Ta ló sọ fún wa pé ìyá ni?

Ní 2008, David Varricchio àtàwọn míì gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n fi ìwọ̀n gbogbo ẹyin inú ìtẹ́ wé ìwọ̀n ara ẹni tó yé e, lọ́dọ̀ àwọn ẹyẹ àti ọ̀nì tó lé ní 400 tó wà láyé báyìí. Ìtẹ́ Troodon (dáínósọ̀ mìíràn tó jọ ẹyẹ), Oviraptor àti Citipati bá ti àwọn ẹyẹ tí bàbá wọn ń sàba mu jù. Wọ́n tún gé egungun àwọn tó kú sórí ẹyin wò. Abo ẹyẹ tó ń yé máa ń ní egungun rírọ̀ kan nínú egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló ń kó ohun tí yóò fi ṣe èèpo ẹyin pamọ́ sí. Wọn kò rí i lára àwọn wọ̀nyí.

Jẹ́jẹ́layé

Ẹ̀yin ọkọ ilé, ẹ gbọ́ o! Ẹ jókòó lé ẹyin.

Ọlọ́mọ_Yọyọ

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí lọ hàn ẹnì kan nílé mi. Ó ní òun ò lè gbé ọmọ pọ̀n torí ọkùnrin ni òun.

Mi_ò_gbà

Àkùkọ wo lẹ rí tó ń sàba?

ÌyáAdìyẹ

Àkùkọ tèmi? Iṣẹ́ tó mọ̀ ni kó kọ, kó jẹ, kó sì máa lé abo kiri. Kò sàba rí, kò sì ní sàba láé.

Ṣùgbọ́n ògòǹgò kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ ògòǹgò, èyí dúdú, òun ló ń jókòó lé ẹyin lóru. Abo tí àwọ̀ rẹ̀ jọ erùpẹ̀ ló ń gba iṣẹ́ lọ́sàn-án kí ẹran ìgbẹ́ má baà tètè rí i. Abo mélòó kan sì lè yé sínú ìtẹ́ kan náà. Nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì láàárín àwọn ẹyẹ ńlá.

Olókùúta

Ẹ má tíì gbé oyè fún bàbá o. Ní 2013, àwọn mìíràn tún ìṣirò 2008 yẹn ṣe, wọ́n kó ẹyẹ púpọ̀ sí i sínú rẹ̀. Wọ́n ní ìwọ̀n ẹyin inú ìtẹ́ kò lè jẹ́ ká mọ̀ bóyá bàbá ló ń sàba, ìyá ni, tàbí àwọn méjèèjì. Ní ti egungun rírọ̀, lẹ́yìn tí ẹyẹ bá yé tán, ara máa ń fà á padà. Ìyá tó ti yé tán tó wá jókòó sàba kò ní ní in mọ́. Èmi ò ní fi owó mi ta tẹ́tẹ́ lé bàbá, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní fi ta á lé ìyá.

Olùṣọ́_Ojúlé

Mo ti yọ èsì mẹ́ta kúrò tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ẹni. Ẹ gbé ìyẹn lọ sí yàrá Ìdílé. Dáínósọ̀ ni à ń sọ níbí.

Akówèéjọ

Ẹ ṣeun, Olùṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sí apá kejì, ọmọ títọ́ lẹ́yìn tó ti jáde. Maiasaura, dáínósọ̀ ńlá kan tó ń jẹ ewé, ni gbogbo ayé máa ń tọ́ka sí. Ní 1978, ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tó ní ìsọ̀ òkúta ní Bynum, Marion Brandvold, rí egungun wẹ́wẹ́ kan. Ó kó o sínú agolo kọfí. Àwọn oníwàádìí méjì, Jack Horner àti Bob Makela, yà síbẹ̀, ó fi hàn wọ́n, wọ́n sì rí i pé egungun ọmọ dáínósọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n walẹ̀ níbi tó ti rí i, wọ́n bá ìtẹ́ tó dà bí àwo ńlá, fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà méjì, pẹ̀lú ọmọ 15 tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mítà kan. Àwọn ọmọ yìí ti jáde nínú ẹyin tipẹ́, wọ́n ṣì wà nínú ìtẹ́ síbẹ̀. Eyín wọn ti jẹ, ìyẹn ni pé wọ́n ti ń fi jẹun. Ìparí egungun ẹsẹ̀ wọn, níbi oríkèé, kò tíì gan. Horner ní ọmọ tí kò lè rìn dáadáa tó ti ń jẹun, ẹnì kan ló ń gbé oúnjẹ wá fún un. Ìtẹ́ míì wà nítòsí, nǹkan bíi mítà 7 láti àárín ìkan dé àárín ìkejì, ó tó ìwọ̀n àgbà kan tó nà gbalaja. Ìyẹn jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n ń péjọ yé ẹyin.

Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń ṣiyèméjì.

Mi_ò_gbà

Ọ̀gá, lónìí ni ẹ sọ ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn. Eyín tó jẹ kò fi nǹkan kan hàn. Wọ́n ti rí ọlẹ̀ Hypacrosaurus, ẹbí Maiasaura, tí eyín rẹ̀ ti jẹ nígbà tó ṣì wà nínú ẹyin. Ta ló gbé ewé fún un nínú ẹyin? Ó kàn ń lọ eyín mọ́ eyín lásán ni.

Olókùúta

Òótọ́ ni. Ní ti oríkèé pẹ̀lú, ní 1996 Nicholas Geist àti Terry Jones wo egungun ìbàdí ọmọ ẹyẹ àti ọmọ ọ̀nì. Wọ́n ní ìbàdí ọmọ ẹyẹ tó lè rìn lọ́jọ́ tó jáde ti máa ń gan, ti ọmọ tó ní láti dúró sínú ìtẹ́ kò tíì gan. Àwọn ọmọ dáínósọ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò, Maiasaura wà nínú wọn, ìbàdí tiwọn gan. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí wọ́n lè rìn.

Síbẹ̀ ohun kan kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì yanjú lójú mi: kí ni ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti dàgbà ju ìgbà tó jáde lọ ní ìlọ́po méjì ń ṣe nínú ìtẹ́ kan ṣoṣo? Bí kò bá sẹ́ni tó ń tọ́jú wọn, ohun kan ṣì mú kí wọ́n wà pa pọ̀. Bóyá òbí ni, bóyá àwọn fúnra wọn ló ń rìn pọ̀.

Bí òbí bá sì wà, agbára rẹ̀ ní ibi tó mọ. Holly Woodward àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka òrùka inú egungun ojúgun Maiasaura 50, òrùka tó ń fi ọjọ́ orí hàn, wọ́n gbé e jáde ní 2015. Nínú 100 ọmọ, nǹkan bíi 90 ló ń kú kí ọdún kan tó pé.

Ọlọ́mọ_Yọyọ

Háà! 90?

ÌyáAdìyẹ

Bí àwòdì, ológbò àti òjò bá wà, ẹ̀yin ò mọ̀ pé adìyẹ ìbílẹ̀ tó pa ọmọ méjìlá lè ṣẹ́ ku méjì sẹ́yìn rẹ̀? Ìyá ń jà o, ó ń jà gidi.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_ní_Jóbọ̀

Gbogbo yín ń sọ Mòǹgólíà, Ṣáínà àti Amẹ́ríkà. Kí ló dé tí ẹ fi Áfíríkà sílẹ̀?

Ní Golden Gate Highlands, ọgbà ìjọba ní ìpínlẹ̀ Free State níbí ní Gúúsù Áfíríkà, James Kitching rí ẹyin dáínósọ̀ ní 1976, nígbà tí wọ́n ń la títì. Ẹyin Massospondylus ni, ó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 190 báyìí. Ẹ rò ó wò: ti Gobi tí ẹ̀ ń sọ yẹn kò tíì pé mílíọ̀nù 80. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà lápótí kí ẹnì kan tó fara balẹ̀ fọ òkúta kúrò lára ọlẹ̀ inú rẹ̀. Ní 2005 ni Robert Reisz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn wá. Orí rẹ̀ tóbi, ọrùn rẹ̀ kúrú, kò ní eyín tó lè fi jẹun. Àgbà rẹ̀ gùn tó mítà 6, ẹyin rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 6 tàbí 7 lọ!

Wọ́n padà síbẹ̀ walẹ̀ sí i. Ní 2012 wọ́n ní àwọn ti rí ìtẹ́ tó tó mẹ́wàá, wọ́n wà lórí ìpele erùpẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn ni pé ẹranko wọ̀nyí ń padà síbi kan náà láti yé, àkókò dé àkókò. Ìtẹ́ tó kún jù ní ẹyin 34, wọ́n tò wọ́n ní ìlà dáadáa. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ojú ẹsẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ọmọ wẹ́wẹ́ wà lórí ilẹ̀ ìtẹ́ yẹn, àwọn kan sì tóbi tó ìlọ́po méjì àwọn tó kéré jù. Ọmọ tó bá jáde tó sì sá lọ lójú ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dàgbà síbẹ̀. Ó dúró, ó dàgbà, ó sì tún ń rìn níbẹ̀.

Akówèéjọ

Ọmọ Ọ̀yọ́, o ṣeun púpọ̀. Lójú tèmi, èyí lágbára ju ti Maiasaura lọ, torí ojú ẹsẹ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ ṣe nígbà tó wà láàyè. Ó fi hàn pé ọmọ dúró. Kò tíì fi hàn pé òbí dúró tì í. Ẹ ṣọ́ ibẹ̀.

Àṣàkẹ́_Ń_Bi_Í

Ẹ jọ̀ọ́, mo rí àwòrán kan lórí Facebook: agbárí àgbà kan, ọmọ wẹ́wẹ́ 34 sì kó jọ yí i ká. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá tó kú lórí ọmọ rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ṣé òótọ́ ni?

Olókùúta

Àṣàkẹ́, ọmọ 34 yẹn wà lóòótọ́. Psittacosaurus ni, dáínósọ̀ kékeré kan láti Liaoning ní Ṣáínà, nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 125 sẹ́yìn. Ní 2004 ni wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Àwọn tó tún un yẹ̀ wò ní 2014 ní «àgbà» yẹn kò ju ọmọ ọdún 4 sí 5 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹranko yìí kì í tó bíbí ní irú ọjọ́ orí yẹn. Kì í ṣe ìyá wọn. Wọ́n tún kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo agbárí tó wà lórí òkúta náà ló dájú pé ó ti ibẹ̀ wá látilẹ̀wá. Àwọn tó ń ta egungun máa ń lẹ nǹkan mọ́ nǹkan kí owó lè pọ̀.

Bí ti àgbà yẹn bá jẹ́ ojúlówó, a jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló wà lọ́dọ̀ àwọn àbúrò. Àwọn ẹyẹ kan wà lónìí tí ọmọ tó ti dàgbà ń bá òbí tọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó dá mi lójú jù, ẹ wá dáínósọ̀ kan tó ń jẹ́ Oryctodromeus láti Montana, 2007 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ihò kan wà tó lọ́ kọ́rọkọ̀rọ wọ inú ilẹ̀, ó gùn ju mítà méjì lọ. Ní ìsàlẹ̀ ihò, àgbà kan àti ọmọ méjì ló wà níbẹ̀, ọmọ wọ̀nyí sì ti ju ìdajì àgbà lọ. Ọmọ tó tóbi báyẹn tó ṣì ń bá àgbà gbé inú ihò, ó ti pẹ́ kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ òbí.

Mi_ò_gbà

Àwọn ńláńlá ọlọ́rùn gígùn yẹn ńkọ́? Ṣé àwọn náà ń gbé ọmọ pọ̀n?

Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Rárá o, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yà nìyẹn. Ní 1997, Luis Chiappe, Lowell Dingus àti Rodolfo Coria bọ́ sí ibì kan ní Patagonia, Ajẹntínà, tí wọ́n wá sọ ní Auca Mahuevo. Ẹyin kún ilẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ti titanosaur ni, ẹyin kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ẹranko tó wúwo báyẹn kò lè sàba lé ẹyin tó kéré báyẹn. Bó bá fẹ́ rìn láàárín wọn gan-an, á tẹ̀ wọ́n fọ́. Ó jọ pé wọ́n á yé, wọ́n á wa nǹkan bò ó, wọ́n á bá tiwọn lọ.

Ní Madagásíkà, wọ́n rí egungun ọmọ Rapetosaurus kan, titanosaur ni òun náà. Kristina Curry Rogers àtàwọn míì ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 2016. Wọ́n kà á nínú egungun rẹ̀ pé ọjọ́ ayé rẹ̀ wà láàárín 39 sí 77. Ìwọ̀n rẹ̀ ti tó kílógíráàmù 40, bẹ́ẹ̀ nígbà tó jáde kò ju mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí bíi ti àgbà, kékeré ló kàn jẹ́. Kò dúró de ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá oúnjẹ kiri. Ó jọ pé ebi ló pa á lákòókò ọ̀dá.

ÌyáAdìyẹ

Ọmọ òrukàn látọjọ́ ìbí. Ó ṣe mí láàánú.

Ṣé a mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń sàba? Ti adìyẹ ọjọ́ 21 ni, ti ògòǹgò bí ọjọ́ 42.

Olókùúta

A mọ díẹ̀, mà. Eyín ọlẹ̀ máa ń fi ìlà kan kún ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní 2017, Gregory Erickson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìlà wọ̀nyẹn. Ti Protoceratops tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ti Hypacrosaurus bí oṣù mẹ́fà. Ó jọ ti alángbá àti ọ̀nì ju ti ẹyẹ lọ. Oṣù mẹ́fà tí ẹyin fi wà nílẹ̀, ìkún omi lè dé, olè lè dé, ọ̀dá lè dé.

Mi_ò_gbà

Tóò. Ìbéèrè kan ló kù lọ́rùn mi, ẹ má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín: ọba wọn, Tyrannosaurus rex, ta ló rí ìtẹ́ tirẹ̀? Nínú fíìmù gbogbo, ó máa ń bínú tí wọ́n bá fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀.

Olókùúta

Kò sẹ́ni tó tíì rí i. Ìtẹ́ kan kò sí, ẹyin kan kò sí tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé tirẹ̀ ni. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ti 2021, nígbà tí Gregory Funston àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe egungun ọlẹ̀ méjì láti inú ìdílé tyrannosaur: egungun àgbọ̀n kékeré kan láti Montana, kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, àti èékánná kan láti Alberta ní Kánádà. Wọ́n fi ṣírò rẹ̀ pé ọmọ tó bá jáde lè gùn tó mítà kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí fíìmù sọ ni fíìmù sọ.

Mi_ò_gbà

Èyí ni mo gbà.

Àṣàkẹ́_Ń_Bi_Í

Ẹ wò ó, ẹ lẹ èsì yìí sókè! Mi_ò_gbà gbà!